Eku Tó Kọjú Sí Ògiri Àríwá

Dunedin, New Zealand
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì, 1978

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Baba. Mo kí gbogbo ará Nabukadogo, mo kí ajá wa náà bí kò bá tíì kú. Òtútù ibí kò tíì pa mí. Wọ́n ní ìgbà ooru la wà yìí, síbẹ̀ súwẹ́tà méjì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Agolo tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Àwọn aṣọ́bodè sun ẹja gbígbẹ tí ẹ tò sókè rẹ̀. Mo sọ fún yín kí ẹ má fi ẹja sí i, Màámi, ẹ ò gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan olú etí ilẹ̀, nítorí ìwé tí Dókítà Lorimer, ọ̀gá mi, kọ sí wọn. Nígbà tí mo ṣí ìdérí agolo náà, òórùn igi jíjẹrà ẹ̀yìn abúlé àtijọ́ gba gbogbo yàrá ìwádìí, omi sì bọ́ lójú mi. Ọ̀gá mi rò pé olú náà ló ta mí lójú.

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé iṣẹ́ kí gan-an ni mò ń ṣe. Màámi, eku ni mò ń tọ́jú. Eku funfun kéékèèké, ojú wọn pupa. Èmi ni mò ń bọ́ wọn, èmi ni mò ń fọ kéèjì wọn, tí mò ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n láràárọ̀. Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olú yín. Ọ̀gá mi ti lọ̀ ọ́, ó ti fa agbára inú rẹ̀ jáde, ó ti di omi dúdú. A ó fi ọ̀pá tín-ín-rín oníhò kan dà á sí wọn lọ́fun. Àwọn kan á gba díẹ̀, àwọn kan á gba púpọ̀, àwọn mìíràn á gbà á débi tó yẹ kó pa wọ́n. Lẹ́yìn náà a ó máa wò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ìwé sọ. Èyí tí kò bá kú láàárín ìgbà yẹn, a ó pa á, a ó yẹ inú rẹ̀ wò. Bí kò bá sí májèlé nínú rẹ̀, ó lè di oògùn oríkèé ríro fún gbogbo ayé.

Ọwọ́ Baba ni mò ń rò ní tèmi. Báwo ni Bubu, ìyá Baba, ṣe máa ń lò ó kó tó kú? Ìwọ̀n wo? Ẹ̀ẹ̀melòó? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ torí pé òyìnbó á fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yín,
Kelera


Nabukadogo, Kadavu, Fiji
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì, 1978

Kelera ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìkíni mi kò gùn torí pé inú ń bí mi.

A rán ọ lọ sókè òkun, ìwọ ọmọ ìdílé apẹja, o lọ di ìyá eku. Níbí, ológbò là ń fi lé wọn. Lọ́dọ̀ rẹ, wọ́n ń jẹun kí ìwọ tó jẹun. Nígbà tí mo kà á fún bàbá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bá a. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe eku ló ń bí mi nínú. Kí n tó gé olú yẹn, mo gbé gbòǹgbò yaqona tí a fi ń tọrọ nǹkan lọ síwájú olórí ìdílé tó ni igbó, mo jókòó sílẹ̀, mo tọrọ. Wọ́n gba yaqona, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ gé e. Ta wá ló tọrọ lọ́wọ́ èmi? Ọ̀gá rẹ kọ ìwé sí aṣọ́bodè, kò kọ ìwé sí mi. Sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́ nìyẹn.

O béèrè ọ̀nà tí Bubu ń gbà lò ó. Fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ gé etí ilẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ nídìí igi náà, kì í sì í gé e tán. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lára igi. A ó sè é. Ife kan ṣoṣo ni aláìsàn máa mu. Ẹni tó gbé e fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ẹnu kan níbẹ̀ lójú rẹ̀, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe ikú ni wọ́n gbé wá. Láti ọjọ́ yẹn aláìsàn ti di ẹni oṣù. Kò ní lọ sókun. Kò ní mu ife kejì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bi í pé ara ńkọ́, títí oṣù ojú ọ̀run á fi kú, tí òmíràn á lé, tí á sì dàgbà dé ibi tí ti àkọ́kọ́ wà. Mo bi Bubu nígbà kan pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ohun kan máa ń wá wo ẹni tó mu ún. Bó bá bá ilé ní ìdákẹ́jẹ́, á kọjá lọ." Mi ò bi í mọ́.

Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó nìyẹn. Ìka rẹ̀ ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ báyìí, kò lè ta kókó àwọ̀n. Nígbà tí olóyè pàṣẹ kí wọ́n lọ mú ìjàpá òkun lóṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló dúró níwájú ọkọ̀, níbi tí Isimeli ọkọ mi ti ń dúró láti ọdún méjìlélógún. Ó jókòó sẹ́yìn ilé títí ilẹ̀ fi ṣú, kò jẹun. Ó ní kí n bi ọ́: kí ni àwọn eku rẹ wí?

Ìyá rẹ,
Unaisi


Dunedin
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 1978

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú. Mo sọ ọ̀rọ̀ yaqona fún ọ̀gá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí yín. Kò tíì kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìròyìn! Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí eku kan tó kú. Àní ẹyọ kan kò kú! Àwọn tó gbà á jù lọ pàápàá, irun wọn ń dán, wọ́n sanra sí i. Akọ arúgbó kan wà láàárín wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan; ó ń gun irin kéèjì bí ọmọdé. Dókítà Lorimer lu tábìlì, ó ní, "Kelera, ìyá rẹ mọ nǹkan!" Mo dá a lóhùn pé ìyá ọkọ ìyá mi ni.

Nítorí náà ẹ sọ fún Baba kó mu ún. Kó má dúró de oṣù kankan. Bubu kò ní òṣùwọ̀n, kò ní ìwé, ẹ̀rù ló fi ń ka ọjọ́. Ìlọ́po ogún ohun tí Bubu ń fún èèyàn la fún àwọn eku yìí, a wò wọ́n lójoojúmọ́, kò ṣe wọ́n ní ohunkóhun. Ife kan láàárọ̀, ife kan ní ìrọ̀lẹ́, kò léwu rárá. Mo fẹ́ gbọ́ pé Baba ti padà síwájú ọkọ̀ kí ọdún yìí tó parí.

Ohun kan wà tí ọ̀gá mi ò mọ̀. Nígbà tí a ń pa wọ́n lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi kò gbé e láti kó wọn tán. Ohùn Bubu ń dún létí mi pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Mo mú mẹ́rin, mẹ́ta nínú àwọn tó gbà jù, ọ̀kan nínú àwọn tó gbà díẹ̀ jù. Mo fi wọ́n sínú kéèjì kan ní igun yàrá, lẹ́yìn àwọn báàkẹ́ẹ̀tì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti kú. Bí ọ̀gá mi bá mọ̀, ó lè lé mi. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, mo mọ̀.

Ọmọ yín,
Kelera


Dunedin
Ọjọ́ keje, oṣù kẹta, 1978

Màámi,

Bí Baba bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu etí ilẹ̀, ẹ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dà á nù. N kò lè kí yín kí n tó sọ ìyẹn.

Kò tíì sí èyí tó kú nínú mẹ́rin tí mo fi pamọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣe wọ́n tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún tí wọ́n ti gba oògùn, mo wọlé láti fún wọn lóúnjẹ. Eku kì í jókòó jẹ́ẹ́, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa họ, wọ́n á máa sáré. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó lórí ìlà kan, wọ́n fara ti ara wọn, wọ́n kọjú sí ògiri, etí wọn nà sókè. Mo pòṣé. Mo lu irin kéèjì. Kò sí èyí tó wẹ̀yìn. Mo yí kéèjì náà padà. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú, wọ́n rìn lọ sí ìhà kejì, wọ́n tún tò, wọ́n tún kọjú sí ògiri kan náà. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo jáde lọ wo ẹ̀yìn ògiri náà. Koríko ni, lẹ́yìn koríko, òkè. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo padà wọlé ni mo tó kíyè sí àwọn eku yòókù nínú yàrá, àwọn tí kò tọ́ oògùn kankan wò rí. Nínú gbogbo kéèjì, wọ́n ti wọ́ lọ sí igun tó jìnnà jù sí ògiri yẹn, wọ́n gun ara wọn lórí, wọn ò mira.

Àwọn mẹ́rin náà ń mu omi ṣáá. Mo ń rọ igò kún, mo ń tún un rọ.

Ògiri àríwá ni. Mo wo máàpù tó wà ní gbọ̀ngàn. Bí èèyàn bá gbé rúlà lé e láti ibi tí mo dúró sí, òkun ni, òkun ni, lẹ́yìn náà Kadavu.

Mo sáré kọ èyí kó lè bá ti ọjọ́ kẹta wọ ọkọ̀ kan náà. Ẹ má jẹ́ kó mu ún.

Kelera


Nabukadogo
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1978

Kelera, ọmọ rere, ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ lójú,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa eku, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá rẹ ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Unaisi, ṣé o gbọ́? Ọmọ mi ní kò léwu. Ọmọ mi ló fojú ara rẹ̀ wò ó, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn."

Mo ní, "Bubu ní ife kan."

Ó ní, "Bubu ti kú. Kelera ló wà láyé." Mo bá gbé olú kaná.

Ó ń mu ife kan láàárọ̀, ife kan ní ìrọ̀lẹ́, bí o ṣe wí. Èmi náà ń mu ẹnu kan tèmi ṣáájú rẹ̀ nígbà gbogbo, torí pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ó korò bí epo igi. Lánàá, ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ṣí. Láàárọ̀ yìí, ó gbé okùn, ó ta kókó kan, ó tú u, ó tún un ta. Lẹ́yìn náà ó gbé okùn náà sílẹ̀, ó sì sunkún. Mi ò rí omi lójú Isimeli láti ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀. Kelera, o ti ṣe ohun tí ọmọkùnrin mẹ́wàá ò ṣe.

Afẹ́fẹ́ ti ń yí, ojú ọ̀run pọ́n. Ọkọ̀ tó máa gbé lẹ́tà yìí ń fọn fèrè, ó fẹ́ sá fún ìjì. Lẹ́tà rẹ kan ṣoṣo ló gbé wá. Bá mi kí àwọn eku tí o fi pamọ́. Sọ fún wọn pé mo ti dárí jì wọ́n.

Ìyá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Unaisi


Dunedin
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, 1978

Màámi,

Lẹ́tà ayọ̀ yín dé lánàá. Orí ìdúró ni mo ti kà á tán. Ó yé mi pé lẹ́tà tí mo kọ lọ́jọ́ keje kò bá ọkọ̀.

Àwọn eku mẹ́ta tó gbà jù ti kú, méjì lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, ọ̀kan lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Wọ́n kú ní ìjókòó. Etí wọn ṣì nà sí ògiri. Mo rò pé wọ́n wà láàyè títí mo fi fọwọ́ kàn wọ́n. Mo la ọ̀kan. Kíndìnrín rẹ̀ ti funfun, ó ti súnkì. Omi tí wọ́n ń mu kò ríbi gbà jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n kú tán ni mo tẹ wáyà sí yín. Àwọn òṣìṣẹ́ wáyà ní Suva dá mi lóhùn pé ìjì ti wó òpó tó wà ní Kadavu, wọ́n á fi ìwé náà ránṣẹ́ bí ọkọ̀ bá lọ. Mo tún tẹ ẹ́. Mò ń lọ sí ilé wáyà ibí lójoojúmọ́, akọ̀wé wọn ti mọ ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá kò tó, Màámi. Àwa tí a ní ìwé la pa wọ́n kí ohun tí à ń wá tó dé. Bubu mọ̀. Bubu tí mo sọ pé kò ní òṣùwọ̀n. Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi ti balẹ̀, ojú mi ló sì ṣe tó fọ́.

Mo jẹ́wọ́ fún Dókítà Lorimer. Mo rò pé á lé mi. Ó bi mí pé ọjọ́ kelòó ni wọ́n kọjú sí ògiri, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, Màámi. Mo rí i.

Eku tó gbà díẹ̀ jù ṣì wà láàyè. Òun nìkan ló kù, ó kọjú sí ògiri. Ẹnu kan tí ẹ ń mu yẹn, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe pọ̀ tó?

Kelera


Nabukadogo
Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1978

Kelera ọmọ mi,

O kú ọdún. Ọkọ̀ kankan ò wá láti ìgbà tí ìjì ti jà. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣí, abẹ́ igi la ti kọrin láàárọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mò ń kọ ọ́ kí n lè bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ bàbá rẹ ti ṣí tán. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gún gbọọrọ, bí ó ṣe rí nígbà tí ó fẹ́ mi. Ó yẹ kí n máa jó.

Láti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí oṣù kún, ó ti gbé ẹní rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó, ó kọjú sí òkun, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Mo ní, "Bàbá Kelera, kí lò ń wò?"

Ó ní, "Mi ò wo nǹkan kan. Mò ń gbọ́ ni."

"Kí lò ń gbọ́?"

"Wọ́n ń fa àwọ̀n."

"Àwọn wo?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò, ó sì yíjú padà sí òkun. Òkun sì dá, Kelera. Kò sí ọkọ̀ kan lójú omi. Ìjì ti fọ́ gbogbo wọn.

Kò mu etí ilẹ̀ mọ́ láti àná, kò jẹun. Omi nìkan ló ń béèrè, báàkẹ́ẹ̀tì kan kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sì dìde lọ tọ̀. Ajá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù ló ń sùn, bí mo bá pè é kò ní wá.

O ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí bàbá rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni àwọn eku rẹ ń ṣe lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún? O kò sọ.

Ìyá rẹ,
Unaisi


Nabukadogo
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, 1978

Kelera,

Bàbá rẹ kú lọ́jọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Mi ò mọ àkókò rẹ̀ gan-an. Mo gbé omi fún un, mo bínú sí i pé kò gbà á, mo jókòó tì í, mo bá a sọ̀rọ̀ nípa òrùlé. Ìjókòó ló wà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ìdàkejì erékùṣù fọwọ́ kàn án, ó yíjú wò mí.

A ò lè ká ìka rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé gbìyànjú kí wọ́n lè so ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ láyà. Ó gún síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín.

Ọkọ̀ dé lánàá. Ó kó lẹ́tà rẹ méjèèjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, àti wáyà rẹ, gbogbo wọn nínú àpò kan. Orí ẹní tí a tẹ́ òkú sí ni mo ti kà wọ́n. Ọkọ̀ ń dúró de lẹ́tà mi àti ti ọjọ́ Àjíǹde, mo sì fẹ́ kọ ohun tó wà nínú mi kó tó tutù. Inú bí mi sí ọ. Ọmọdé tó ní aṣọ bí àgbà, kò ní àkísà bí àgbà. O mọ̀ ọ́n láti kékeré, o sì ju àkísà Bubu dà nù. Bí o bá wà níwájú mi ni, màá gbá ọ létí, lẹ́yìn náà màá dì mọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi náà jẹ̀bi. Mo mọ òfin náà, mo sì jẹ́ kí ayọ̀ pa á mọ́ mi lẹ́nu.

O bi mí nípa ẹnu kan. Ẹnu kan láàárọ̀, ẹnu kan ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Láti ìjẹta, ẹnu mi ń gbẹ. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, ẹní mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀, tàbí kó jẹ́ èmi ni.

Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Unaisi


Dunedin
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin, 1978

Màámi mi,

Mo ti pa Baba. Ẹ má sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ké débi pé àwọn ará ilé tí mo ń gbé kan ilẹ̀kùn, n kò lè ṣàlàyé fún wọn ní èdè wọn.

Ẹ gbọ́ mi báyìí, ọ̀rọ̀ Bubu ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe tèmi. Ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má bi yín ní ohunkóhun. Kí wọ́n gbé omi sítòsí, kí wọ́n gbé oúnjẹ sítòsí, kí wọ́n lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ní ilé ìwòsàn Suva, ẹ tẹ̀ lé e. Èmi náà ò ní bi yín bí ara yín ṣe rí. Mo ní in lẹ́nu, mo gbé e mì.

Eku yẹn kò tíì kú. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ hóró ọkà méjì, mẹ́ta, láìyíjú. Láràárọ̀ mo máa ń jókòó tì í kí n tó ṣe iṣẹ́ mìíràn. Dókítà Lorimer fẹ́ là á. Ó ní kò sí ohun tó ṣe pàtàkì tó o nínú ilé ìwádìí yìí, pé inú rẹ̀ la ó ti mọ ìdí tí kò fi kú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fún mi di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn òun lè fún mi láyè láti wá sílé.

N kò mọ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu, Màámi, ṣùgbọ́n bí eku yẹn bá kú, n kò ní lè ṣí lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ yín wá.

Kelera


Dunedin
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin, 1978

Màámi,

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo bá eku náà tó kẹ̀yìn sí ògiri. Ó ń nu ojú rẹ̀. Ó wò mí, ó jẹ gbogbo oúnjẹ inú àwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ kéèjì. Àwọn eku yòókù ti tú ká sí ibi gbogbo.

Ẹ fèsì. Ẹ dákun, ẹ fèsì.

Kelera


Nabukadogo
Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, 1978

Kelera ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìkíni mi gùn lónìí, ẹnu mi ló ṣì ń wúwo. Mo kí ọ kú ọ̀fọ̀ bàbá rẹ. A ò tíì kí ara wa.

Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kejìdínlógún dé lánàá. Mi ò rí òmíràn. Ohun tí o kọ pé kí wọ́n ṣe, wọ́n ti ń ṣe é kó tó dé. Àwọn àgbà obìnrin tó kù rántí. Wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé, wọ́n kó àwọn ọmọdé lọ sílé olùkọ́. Kò sí ẹni tó bi mí ní ohunkóhun fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Nọ́ọ̀sì ń wá, ó ń di ọwọ́ mi mú, ó ń lọ.

Má bi mí ní ohun tí mo gbọ́. Mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá rẹ kò purọ́, ìyẹn nìkan ni màá sọ. Wọ́n ń fa àwọ̀n lóòótọ́, mo sì mọ ohùn tó ń darí wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kejì ọjọ́ tí oṣù kún, ọjọ́ kẹrìnlélógún, ó dákẹ́. Ó dákẹ́ bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kọjá orí àpáta lọ sójú agbami. Mo kẹ̀yìn sí òkun, mo nu ojú mi, mo ní kí wọ́n gbé kókò dalo wá. Mo jẹ odindi kan. Ajá ti padà sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ṣì ń bínú sí ọ. Á tán, má ṣe bí ẹni pé ó ti tán. Wá sílé kí n lè bínú sí ọ lójú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀gá rẹ dá tó pé. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn, èmi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Nǹkan kékeré kan jókòó sí apá òsì mi lórí ẹní. Kò ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Mi ò wò ó, torí pé mi ò lè yíjú, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó yára, ó gbóná sí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ẹ̀rù bá fẹ́ pa mí, tí ohùn yẹn bá ní kí n dìde máa bọ̀, èémí yẹn ni mò ń kà. Ọjọ́ tí mo kẹ̀yìn sí òkun ló lọ.

Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ la eku yẹn. Bó bá fẹ́ mọ ìdí tí a ò fi kú, kó wọ ọkọ̀, kó gbé gbòǹgbò yaqona lọ́wọ́, kó wá jókòó sílẹ̀ níwájú mi, kó tọrọ bí èèyàn. Bí kò bá gbà, fi eku náà sínú àpò rẹ, kí o gbé e wá sílé bá mi. Mo ti tẹ́ ẹní rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Unaisi